Ìyá Tó Ń Ṣọ́ Ihò Wáyà ní Àgbàdo

Bùrẹ́ímọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọdún méjìdínlógójì ló fi lọ ata fún àwọn ará Àgbàdo.

Ìwó ló ti wá. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà ló mú un wá, nígbà tí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ojú irin ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́. Ọkọ náà kọ́ yàrá mẹ́rin, ó sì kú kó tó rẹ́ ògiri rẹ̀. Bùrẹ́ímọ̀ gbé ẹ̀rọ ìlọta síwájú ilé, ó fi yàrá méjì gba ayálégbé, ó tọ́ ọmọ mẹ́ta nínú méjì tó kù. Ìyá Ẹlẹ́rọ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Àwọn tó mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn kò pọ̀.

Ẹni tí kò bá dúró ti ẹ̀rọ ìlọta rí kò lè mọ bí ariwo rẹ̀ ti pọ̀ tó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn, ọ̀rọ̀ ẹnu tán nìyẹn. Obìnrin kan á gbé ike ata dé, á ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná. Òmíràn á ní kó má kúnná jù. Ẹni tó gbé ẹ̀wà wá á ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣan ẹ̀rọ, kí ata má bàa kàn án. Bùrẹ́ímọ̀ kì í pa ẹ́ńjìnnì nítorí wọn. Ẹnu wọn ló ń wò. Á mi orí, á sì ṣe é bí wọ́n ti wí. Bí àwọn ẹlẹ́rọ ṣe ń ṣe nìyẹn níbi gbogbo. Ẹni tó bá bú wọn láti òdìkejì títì, tó rò pé ariwo ti bo òun mọ́lẹ̀, á rí i pé wọ́n dá èébú náà padà. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí ohun kan. Iṣẹ́ ni.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gba ìdúró mọ́, ó ta ẹ̀rọ náà. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin nígbà yẹn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Ọládayọ̀, tó ń gbé ní OPIC lápá Ìṣẹ́rí, ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó lọ, ó lo oṣù kan, ó padà wá.

"Kí lẹ rí níbẹ̀?" Èmi ni mo bi í, nítorí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ni mo ti ń tún bàtà ṣe.

"Àga tìmùtìmù," ó ní. "Mo jókòó, mo jókòó, ó kù díẹ̀ kí n di àga."

Ojú irin tuntun ti dé nígbà yẹn. Wọ́n fi wáyà yí i ká, wọ́n sì kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí a ó máa gbà kọjá. Afárá náà dára, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ẹnu ọjà, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gé wáyà nítòsí ìsọ̀ mi. Kì í ṣe àlejò ló gé e. Àwa tí à ń kọjá níbẹ̀ la gé e. Wọ́n wá dí i, a tún gé e. Ihò náà fẹ̀ títí ẹni tó ru igbá fi lè gba ibẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀.

Àwa tí a dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè àtijọ́ ní àṣà kan. Rélùwéè àtijọ́ kì í dé lójijì. Á ti máa fọn fèrè láti òkèèrè, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, ènìyàn á sì parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ kó tó kúrò lójú irin. Àwọn ìyá máa ń pàtẹ ọjà sórí irin gan-an. Bó bá ń bọ̀, wọ́n á ká ẹní. Bó bá kọjá, wọ́n á tún tẹ́ ẹ. Ìyẹn ti mọ́ wa lára, a sì fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Ti tuntun yìí yàtọ̀. Yíyọ́ ló ń yọ́ bọ̀. Ó ń fọn fèrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tó gbọ́ ọ tó yíjú, ó ti dé.

Sàhéèdì ló kọ́kọ́ kú níbẹ̀. Káfíńtà ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ayálégbé Bùrẹ́ímọ̀. Kò tíì níyàwó. Bó bá dé láti ibi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ Bùrẹ́ímọ̀ ló ti ń jẹun, á sì máa fi oríkì kì í títí á fi bù kún ẹran rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé pákó lé èjìká ọ̀tún, ó sì gba inú ihò kọjá. Ọwọ́ ọ̀tún ni rélùwéè ti wá.

Bùrẹ́ímọ̀ ló tú ìró rẹ̀ tó fi bò ó. A sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì, erùpẹ̀ ni wọ́n bá.

Àdìó, alága ẹgbẹ́ onílé, pe ìpàdé. Gbogbo wa sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní kí ìjọba wá kọ́ afárá mìíràn sẹ́nu ọjà. Àwọn kan ní ká dí ihò náà pa. Àwọn ọlọ́jà ní ẹni tó bá dí i, òun ni kó máa bá àwọn ru ẹrù gun afárá. Ọ̀rọ̀ pọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Nígbà tí Àdìó fẹ́ ṣàdúrà ìparí, Bùrẹ́ímọ̀ nawọ́.

"Ta ni yóò wà níbẹ̀ lọ́la?" ó bi wá.

"Ọ̀la wo, Ìyá?" ni Àdìó wí.

"Ọ̀la tó tẹ̀ lé òní."

Àdìó ṣàdúrà. Wọ́n ṣe àmín, a sì tú ká.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé àga onírọ́bà wá sẹ́nu ihò. Ó mú gèlè pupa kan dání. Ó jókòó.

Bó ṣe di olùṣọ́ ihò nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rán an. Bí rélùwéè bá ń bọ̀, á dìde, á na gèlè, á ní, "Ẹ dúró." Bó bá kọjá, á jókòó, á mi orí, àwọn ènìyàn á sì máa lọ. Láti àárọ̀ títí ọjà fi ń tú ló ń wà níbẹ̀. Bó bá ń lọ kírun, èmi ni ń bá a na gèlè.

Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́kadà kan dúró níwájú rẹ̀.

"Ìyá Ẹlẹ́rọ, ìjọba ti wá gbà yín síṣẹ́. Èló ni wọ́n ń san?"

"Ìwọ tó o ṣì ń sọ̀rọ̀ yìí ni owó oṣù mi," ó ní.

Obìnrin ẹlẹ́ja kan fẹ́ fi agídí kọjá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹja mi ń yọ́."

"Jẹ́ kó yọ́. Ṣáà má jẹ́ kí wọ́n fi ṣọ́bìrì kó ìwọ."

Obìnrin náà dúró. Rélùwéè kọjá. Láti ọjọ́ yẹn, ó máa ń já ẹja kan sílẹ̀ fún un bó bá tajà kù.

Ọdún kan kọjá, èkejì tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí ohun kan láti ìdí iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá dé ẹnu ihò kì í wo ọ̀tún mọ́, kì í wo òsì. Ojú Bùrẹ́ímọ̀ ló ń wò. Bó bá ti mi orí, wọ́n á wọ inú ihò. Àwọn kan ń wo fóònù bọ̀ láti ojú títì, wọ́n á gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan sí Ìyá, wọ́n á tún dojú kọ fóònù, wọ́n á sì kọjá lórí irin bí ẹni ń kọjá nínú pálọ̀ wọn.

Ẹgbẹ́ onílé rán ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn kan fún un, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà máa ń wọ̀. Wọ́n kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bùrẹ́ímọ̀ kò mọ̀wé. Ó bi àwọn ọlọ́kadà pé kí ni wọ́n kọ.

"Wọ́n kọ ọ́ pé, 'Ẹ ṣọ́ra, ajá wà níbí.'"

Òmíràn ní, "Irọ́ ló ń pa, mà. Wọ́n kọ ọ́ pé, 'Kò sí ààyè, ọkọ̀ ti kún.'"

Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe lọ, ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó tẹ́ ẹ lórí itan, ó ń fi ìka tọ ohun tí wọ́n kọ. Èmi náà kò mọ̀ ju kí n fi agbára kà á lọ, n ò sì tíì sọ̀rọ̀ tó fi ní, "Bàbá Oníbàtà, ẹ má kà á fún mi. Mo fẹ́ fojú ara mi mọ ohun tí mo gbé sẹ́yìn."

Ẹ̀kọ́ àgbà kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọjà, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Olúwanífẹ́mi ló ń kọ́ wọn. Ọ̀dọ́bìnrin ni, òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Mówè, ìjọ rẹ̀ ló sì rán an sí iṣẹ́ náà. Bùrẹ́ímọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀; lọ́jọ́ tó bá lọ, èmi ni ń bá a na gèlè títí á fi dé. Irun orí rẹ̀ ti funfun tán, ó ń gun bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún rẹ̀ kò sì wọ abẹ́ tábìlì.

Kò ya ọ̀lẹ. Ohun tó bá wà lórí pátákó, á kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Bí Olúwanífẹ́mi bá kọjú sí wọn tó pe ọ̀rọ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n bó bá di àpèkọ, nǹkan á yí. Olúwanífẹ́mi máa ń rìn lọ sẹ́yìn kíláàsì bó bá ń pe ọ̀rọ̀, kí wọ́n má bàa wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Bùrẹ́ímọ̀ kì í rí nǹkan kan kọ. Á máa yọjú wo ìwé ẹni tó jókòó tì í, bàbá kan tó jẹ́ ẹlẹ́ran.

"Ìyá Ẹlẹ́rọ," ni bàbá náà wí, "ìwé mi kì í ṣe ata. Ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ tiyín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gba òdo. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún gba òdo. Olúwanífẹ́mi rò pé ó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré ni, inú sì bí i díẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ náà kò yé e mọ́. Lọ́jọ́ kan tí àwọn yòókù lọ tán, ó ní kí Bùrẹ́ímọ̀ dúró. Ó fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó síwájú rẹ̀. Bùrẹ́ímọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ bó ṣe lọ fún mi.

"Ìyá mi, ohun tí mo bá sọ, ẹ máa sọ ọ́ tẹ̀ lé mi. Omi."

"Omi."

"Ọ̀bẹ."

"Ọ̀bẹ."

"Àpótí."

"Àpótí. Ṣé o fẹ́ sin ìyàwó ni, o ń ka ẹrù?"

Olúwanífẹ́mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìwé bo ẹnu rẹ̀. Bùrẹ́ímọ̀ ń wò ó. Ó dúró fún un kó sọ̀rọ̀.

"Gbé ìwé yẹn kúrò kó o sọ ọ́," ó ní.

"Mo ti sọ ọ́, mà."

"O ò tíì sọ nǹkan kan."

Ó tún gbé ìwé bo ẹnu. Bùrẹ́ímọ̀ ní nǹkan tí òun rí ni ojú ọmọ náà lókè ìwé, omi sì ń bọ̀ níbẹ̀. Ó ní òun fọwọ́ ara òun fa ìwé náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìgbà mélòó lo sọ ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, mà."



Ohun tó mú mi ronú ni pé kò mọ̀. Kì í ṣe pé ó ń fi pamọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ẹnu, tó fi jẹ́ pé nígbà tí etí rẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò sì fi sùn. Àrùgbó máa ń rò pé òun yóò mọ ọjọ́ tí ogbó bá wọlé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà ara kan á ti lọ, èyí tó kù á jókòó sáyè rẹ̀, á máa jẹ́ ìpè fún un.

Nígbà tó délé ló wá ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń bínú sí ladáánì mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé pé ọ̀lẹ ni, kì í pe ìrun Àsùbáà mọ́. Ó sì ti sọ ọ́ sí i lójú. Ladáánì fi orí balẹ̀, ó tọrọ àforíjì, nítorí àgbà ni. Ọládayọ̀ máa ń pè é lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Ohun tí Bùrẹ́ímọ̀ ń sọ sínú fóònù ni, "Àmín. Àmín. Kí ilé pẹ̀lú." Ọládayọ̀ kì í fòye gbé e, nítorí àdúrà ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí wọ́n tó kúrò ní kíláàsì lọ́jọ́ náà, Olúwanífẹ́mi ti bi í ní ìbéèrè kan.

"Rélùwéè ńkọ́, mà? Kí lẹ fi ń gbọ́ ọ?"

"Ẹsẹ̀ mi," ni Bùrẹ́ímọ̀ wí. "Ó ń dé àtẹ́lẹsẹ̀ mi."

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ló ń dé ibẹ̀?"

Ó ní òun kó ìwé òun jọ, òun dìde.

Kò kúrò lẹ́nu ihò nígbà yẹn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Kò jókòó mọ́, ó ń dúró lórí orúnkún tí kò gba ìdúró, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Mo ní kó jẹ́ ká sọ fún Àdìó. Ó ní ká ṣì ní sùúrù. "Bí n kò bá sí níbẹ̀," ó ní, "ta ló wà níbẹ̀?" Èmi ń tún bàtà ṣe, ojú mi wà nílẹ̀.

Ó ń lọ sí kíláàsì síbẹ̀. Olúwanífẹ́mi kì í kẹ́yìn sí wọn mọ́ bó bá ń sọ̀rọ̀. Kí ọ̀yẹ́ tó dé, Bùrẹ́ímọ̀ ti ka ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀. ÌYÁ ÀDÚGBÒ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó kà á fún mi, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó ká ẹ̀wù náà, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí wúwo."

Ọ̀yẹ́ dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìkùukùu bo gbogbo ojú irin, a kò rí òpó tó wà níwájú wa. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn tírélà tó ń kó òkúta ń gba títì ẹ̀gbẹ́ wa lọ, wọ́n ń mi ilẹ̀ tìtì. Ojú kò ríran, etí kò gbọ́, ẹsẹ̀ tó kù kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti tírélà àti èyí tó jẹ́ ti rélùwéè. Bùrẹ́ímọ̀ ń na gèlè ṣáá. Àwọn ènìyàn á dúró, wọ́n á dúró, nǹkan kan kò ní kọjá.

"Ìyá, kí la ń dúró dè? A fẹ́ lọ ibi iṣẹ́."

"Ìyá Ẹlẹ́rọ ti sùn, ó ń lá àlá rélùwéè."

Ó na gèlè lẹ́ẹ̀kan sí i, tírélà ni. Wọ́n kùn. Nígbà tí ilẹ̀ tún mì, Mobọ́lájí ló wà níwájú. Télọ̀ ni, ó pọn ọmọ, ó ru àpò aṣọ oníbàárà. Ó wo ojú Bùrẹ́ímọ̀. Bùrẹ́ímọ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mi orí.

Àbúbákr tó ń ta ìrèké nínú ọmọlanke lódìkejì gbọ́ fèrè. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí n tó dìde nídìí iṣẹ́ mi, ó ti pẹ́ jù. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sáré wọ inú ìkùukùu, ó fa Mobọ́lájí lápá, àwọn méjèèjì sì ṣubú sórí òkúta lódìkejì. Rélùwéè kọjá. Ó pẹ́ kó tó kọjá tán. Nígbà tí a wá rí wọn, ọmọ ń ké lẹ́yìn ìyá rẹ̀, apá Mobọ́lájí ti kán, aṣọ àwọn oníbàárà sì wà káàkiri ojú irin.

Bùrẹ́ímọ̀ wà lórí ìdúró, gèlè wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí Àbúbákr tó ń sáré ló nà án. Ṣùgbọ́n nínà gèlè yẹn ni gbogbo ènìyàn rí. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìròyìn ti kárí ọjà pé Ìyá Ẹlẹ́rọ tún ti gba ẹ̀mí méjì là. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Àbúbákr. Àwọn kan jí ìrèké rẹ̀ nígbà tó ń sáré.

Mobọ́lájí wá dúpẹ́. Wọ́n ti di apá rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbé búrẹ́dì àti mílíìkì wá. Ó kúnlẹ̀ síwájú Bùrẹ́ímọ̀ lẹ́nu ihò.

"Ẹ ṣé, mà. Bí kì í bá ṣe yín ni, à bá máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn."

"Èmi ni mo ní kó o kọjá," ni Bùrẹ́ímọ̀ wí.

"Ẹ̀yin náà lẹ na gèlè, mà."

"N kò gbọ́ ọ. Mobọ́lájí, etí mi ti kú."

Mobọ́lájí rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ̀ ń gbọ́ èmi."

"Ẹnu rẹ ni mo ń wò."

Ọmọ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí ké. Mobọ́lájí yíjú sẹ́yìn sí i, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó sì ń bá Bùrẹ́ímọ̀ sọ̀rọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dìde, ó tún kúnlẹ̀ díẹ̀, ó lọ.

Bùrẹ́ímọ̀ bi mí pé, "Kí ló sọ?"

"Ó ní bí apá òun bá san, òun á rán bùbá fún yín. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àdúgbò yìí ṣaláìní yín."

Kò ṣe àmín. Ó gbé búrẹ́dì náà fún Àbúbákr.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ bá Àdìó nílé, ó sì ní kí n tẹ̀ lé òun, kí n lè jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n bá sọ. Ó sọ ọ́ kúkurú. Etí rẹ̀ ti lọ. Kí wọ́n wá ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n dí ihò pa.

Àdìó fi àga fún un, ó gbọ́ ọ tán. Kì í ṣe ènìyàn burúkú.

"Ìyá, ta la fẹ́ fi síbẹ̀? Àwọn ọmọ wa ń lọ sí Èkó, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó dé. Bí a bá sì dí i, àwọn ọlọ́jà á gé e kí ilẹ̀ tó mọ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi, mà?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ ṣáà máa jókòó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ yín ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe etí yín."

"Ère lẹ fẹ́ gbé síbẹ̀."

"Ère tó ń gba ẹ̀mí là, mà."

"Ère kì í gba ẹ̀mí là, Àdìó. Ó kàn ń jókòó ni."

Àdìó ní àwọn á jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Bùrẹ́ímọ̀ dé ẹnu ihò láìwọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn. Kò mú gèlè dání. Ó jókòó, ó sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dé, "Etí mi ti kú. Ẹ má wò mí mọ́. Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, kí ẹ tó kọjá."

"Ó dáa, mà," ni wọ́n ń wí. Wọ́n á sì dúró, wọ́n á máa wo ojú rẹ̀.

Kò mi orí. Wọ́n pọ̀ sí i níwájú rẹ̀. Obìnrin ẹlẹ́ja wà níbẹ̀, àwọn tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ wà níbẹ̀, ladáánì náà wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan lójú irin lọ́tùn-ún tàbí lósì, ojú ọjọ́ mọ́, wọn kò sì wo ojú irin náà. Ó yí àga rẹ̀ padà, ó kẹ́yìn sí wọn. Wọ́n yí ká lọ síwájú rẹ̀, kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀.

"Ìyá ń bínú," ni ẹnì kan wí. "Ta ló ṣẹ̀ wọ́n?"

"Wọ́n ń fi wá ṣàwàdà ni."

Ó wò mí. Kò rọra sọ ọ́, nítorí àwọn ẹlẹ́rọ kò mọ bí wọ́n ti ń rọra sọ̀rọ̀. "Bàbá Oníbàtà, ẹ rí i bí? Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà níbí, wọn kò ní lo ojú wọn."

Mo gbójú sókè kó lè rí ẹnu mi. "Bí ẹ bá lọ ńkọ́?"

"Ẹnì kan lè kú."

"Bí ẹ bá dúró ńkọ́?"

"Èmi ni màá pa á."

Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n tún wò ó. Obìnrin ẹlẹ́ja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ṣé ká máa kọjá?"

Bùrẹ́ímọ̀ rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì. Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, wọ́n sì là fún un. Ó kọjá láàárín wọn, ó ń lọ sí ilé.